Ẹtíìn Tí Taita Porfirio Fi Ẹsẹ̀ Wọ̀n

Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì, Eladio Cabañas sì mọ̀ pé wọ́n ti ti òun mọ́lé. Yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ ní Loma Karanda kò tó ibi tí màlúù méjì lè dùbúlẹ̀ sí. Fèrèsé kan ló ní, wọ́n sì ti fi irin dábùú ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń rùn fún òógùn, ìpara orúnkún àti ẹrẹ̀ pupa. Fèrè rẹfirí ṣì wà lọ́rùn Eladio, ó sì dì í mú bíi pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà.

Òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ceferino Duarte, aṣọ́lé Paso Tuna, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Òun gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí èrò ya wọ orí pápá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ife ẹ̀yẹ sá wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì wà á sá lọ. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wò láti mọ ẹni tó ṣẹ́kù.

"Ife ni wọ́n gbé, ọ̀gá," Ceferino wí. "Wọ́n gbé ife, wọ́n fi ẹni tó gbà á fún wọn sílẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi nígbà yẹn pé kí n lọ kọ́ gìtá."

"Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n ronú."

"Ẹ máa rò ó. Ṣé mo níbi tí mò ń lọ ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Àmì Loma Karanda ló pọ̀ jù ní gbogbo ọdún, ọ̀mì lásán ti tó wọn láti gba ife ní ọjọ́ tí líìgì máa parí yìí. Ṣùgbọ́n Paso Tuna ti gbá gólì kan wọlé, eré sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ni àwọn Loma Karanda bá gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan síwájú. Agbábọ́ọ̀lù Loma Karanda kan ṣoṣo ló sá tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ àfi aṣọ́lé. Ceferino jáde bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣubú lé bọ́ọ̀lù, ó sì fi àyà àti apá méjèèjì dè é mọ́lẹ̀. Gbogbo ìlú pariwo pé ó ti jáde kúrò nínú ẹtíìn, ìyẹn ojú ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹfun yí ká níwájú gólì. Nínú ẹtíìn, aṣọ́lé lè fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù bó ṣe wù ú. Lóde rẹ̀, èèyàn bíi tiwa ni òun náà. Bí Eladio bá fun fèrè, káàdì pupa ló kàn, Paso Tuna ò sì ní aṣọ́lé mìíràn lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n Eladio wò ó, ó mi orí, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ló fun fèrè ìkẹyìn. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

Orí kan yọ lójú fèrèsé. Don Wilfrido Ayala ni, alága ẹgbẹ́ Loma Karanda, oníṣòwò màlúù tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

"Rẹfirí, ṣé o ti jẹun?"

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Rẹfirí kì í kúrò ní Loma Karanda láìjẹun, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹran ti wà lórí iná, ẹ̀gẹ́ sì ti jinná. Wàá máa gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀ títí wàá fi sọ òótọ́."

"Òótọ́ wo, Don Wilfrido?"

"Pé ìta ló ti mú bọ́ọ̀lù. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn ilà."

"Òfin ò béèrè orúnkún. Bọ́ọ̀lù ló ń béèrè. Orúnkún rẹ̀ ì báà wà ní Asunción, bí bọ́ọ̀lù bá ṣì kan ilà báyìí, inú ẹtíìn ló wà. Ara ẹtíìn ni ilà fúnra rẹ̀."

"Ṣé èmi lò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù? Bọ́ọ̀lù ò kan ilà. Òjò àárọ̀ ti sọ ilẹ̀ di rírọ̀, ojú ibi tí bọ́ọ̀lù tẹ̀ sí ṣì wà nínú ẹrẹ̀. A ti fi korobá dé e. Wá fojú ara rẹ rí i."

"Eré ti parí. Kò sí òfin tó lè dá a padà."

"Ta ló ní kó o dá a padà? Ife ti lọ, mo rí ìdí ọkọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mò ń wá. Wàá dúró síwájú àwọn èèyàn yìí, wàá ní o ṣìṣe. Èmi á wá sọ fún líìgì pé rẹfirí fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, wọn ò sì ní fún ẹ ní fèrè mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí."

"Ọlọ́pàá dà?"

"Àbúrò ìyá mi ni. Òun ló ń yan ẹran." Wilfrido na ọwọ́ gba ìgò kan lọ́wọ́ ẹnìkan. "Má kánjú o. Àwọn ọmọ ṣì ń mu bíà tàkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá mu dé ti ìkẹyìn ni kó o bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù."

Orí náà kúrò lójú fèrèsé. Ariwo ìta ń ròkè, ó ń rọlẹ̀, òkúta kan sì ba páànù òrùlé. Eladio fẹ́ rìn kiri, àmọ́ ibi tó lè rìn dé kò tó nǹkan: ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó kan ògiri, ó yí padà, ó tún kan Ceferino.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ìyà ló ń bà á lẹ́rù jù, fèrè náà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, wàrà ni Eladio ń fi ọkọ̀ kó láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń sè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń bá a sọ kò ju "O pẹ́" lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pàṣẹ nílé, àna rẹ̀ obìnrin ló ń pàṣẹ fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tó bá gbé fèrè sẹ́nu, géńdé ọkùnrin méjìlélógún á dúró gbagidi. Bó bá ní síbí, síbí ni. Wọ́n lè bú ìyá rẹ̀, wọ́n ń bú u dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ rí pé Eladio Cabañas kò rí ohun tó ní òun rí. Ìyẹn nìkan ló ní, òun sì ni wọ́n fẹ́ gbà yìí.

"Ọ̀gá," Ceferino wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ má bínú sí mi. Ìta ni."

"Kí ló wà níta?"

"Bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo gbórí sókè, ẹ̀yìn mi ni ẹfun wà. Mo ń retí kí ẹ fun fèrè. Nígbà tí ẹ ò fun ún, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é."

Eladio jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kí ló wá dé tó o fi mú un? Ìwọ tó o ti ń ṣọ́lé láti ọjọ́ tó o ti ń wọ ṣòkòtò péńpé!"

"Ohun tó ń rú mi lójú gan-an nìyẹn. Èmi kì í wolẹ̀ bí mo bá ń jáde. Ta ló ń wolẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń bọ̀ fẹ́ fọ́ ọ lórí? Ẹsẹ̀ mi ló mọ ibi tí ẹtíìn parí sí, bí ẹsẹ̀ yín ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé yín lókùnkùn. Ẹsẹ̀ mi sọ fún mi lónìí pé àyè ṣì wà. Ẹsẹ̀ mi ò sì purọ́ fún mi rí. Ọ̀gá, ẹtíìn yẹn ló kúrú."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni gbogbo rẹ̀ yé Eladio. Òun náà kò wo ẹfun. Ẹ̀yìn ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù ló wà, ẹtíìn sì ti mọ́ ojú rẹ̀ lára débi pé ibi tó yẹ kó parí sí ló wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n fà á sí. Ojú òun àti ẹsẹ̀ Ceferino jọ ṣe àṣìṣe kan náà. Ó sì mọ ẹni tó fa ilà náà, nítorí ìṣojú rẹ̀ ni.

Ní Loma Karanda, a kì í fi okùn tàbí téèpù wọn pápá. Taita Porfirio, àgbàlagbà tí gbogbo ìlú ń pè ní bàbá, ló ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Òun ló fi àdá àti màlúù méjì ṣán ibẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, òun ló sì fi ìṣísẹ̀ méjìdínlógún wọn ẹtíìn àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ eré, á gbé korobá ẹfun, á ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ilà gólì, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ á ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù tó kọjá, àìsàn gbé Taita dè, nígbà tó sì dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò dìde tán. Lónìí, ó wọn ẹtíìn tó wà níhà odò dáadáa. Nígbà tó fi máa dé ti ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Ceferino ti wá ṣọ́lé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e. Eladio jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ìwo tereré, omi ewé tútù tí wọ́n ń fà mu, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Téèpù wà nínú àpò rẹ̀. Òfin ní kí rẹfirí wọn pápá kó tó gbà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi téèpù tọ ẹ̀yìn Taita? Ó dà bí ìgbà tí àna ẹni gbé oúnjẹ kalẹ̀, téèyàn wá ń gbóòórùn rẹ̀ kó tó bu òkèlè. Ó mu tereré rẹ̀, ó gba pápá bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ wọ̀n ọ́n níwájú wọn," Ceferino wí. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin lẹ jàre. Ká ní ibi tó yẹ kí ilà wà ló wà ni, inú ẹtíìn ni mo ti mú bọ́ọ̀lù."

"Àpò mi wà lọ́wọ́ wọn. Téèpù wà nínú rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni bàbá yẹn fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi tiyín wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tí ò ní rí i."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tí ò ní rí i, òun ló sì ń dun Eladio. Bàbá tó bí i ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ wàrà yẹn. Nígbà tí ojú bàbá ń ṣú, àwọn ọmọ pàdé, wọ́n ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá, Eladio ló sì nawọ́ gbà á. Wọ́n ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ra àga tuntun fún un, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà kó lè máa rí ọkọ̀ bó bá ń kọjá. Bàbá jókòó sórí àga náà títí tó fi kú, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Àmọ́ bàbá ti kú, Porfirio kì í sì í ṣe bàbá òun. Eladio sọ ìyẹn fún ara rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, fèrè lọ nìyẹn, orúkọ lọ nìyẹn, ohun tí àwọn tó ń mutí níta máa ṣe ò sì yé ẹnikẹ́ni. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ó dìde, ó fọwọ́ lu ilẹ̀kùn.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ rí ibẹ̀."

Gbogbo wọn ló tẹ̀lé e lọ sí ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yí i ká débi pé bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n ń tì í lọ. Wọ́n di Ceferino náà lápá mú. "Aṣọ́lé, fọwọ́ mú mi wò!" ẹnìkan ń pariwo. "Ṣé o ò sí nínú ẹtíìn ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹni tí wọ́n ń rín. Korobá wà níbẹ̀, ó dojú délẹ̀ níwájú ilà ẹfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Taita Porfirio dúró sí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ẹfun ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Ó kéré lójú Eladio ju ti àárọ̀ lọ.

"Ó yá," Wilfrido wí, ó na ọwọ́ sí korobá. "Wò ó, kó o sọ ọ́."

"Kí n tó wò ó, mo fẹ́ wọn ẹtíìn yìí."

Ariwo dá wáí. Ó dà bíi pé ó bú ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí lo sọ?" Wilfrido béèrè, jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n." Taita ló sọ̀rọ̀. Kò bínú rárá. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ mi, ilà gólì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Méjìdínlógún ni."

Wọ́n là fún un. Eladio lọ, ó gbé gìgísẹ̀ sórí ilà gólì. Ó rí ojú Ceferino láàárín èrò, ó ń mi orí fún un pé kó máa bọ̀. "Ọ̀kan," ló kà sókè. Ìṣísẹ̀ ọkùnrin tí ara rẹ̀ le ni, ó nà dáadáa. "Méjì. Mẹ́ta." Ó gbọ́ ohùn mìíràn tó ń kà á mọ́ ọn. Ó gbójú sókè. Taita Porfirio ló ń ka ìṣísẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà, bíi pé òun ló ń rìn. Ọkàn bàbá náà balẹ̀ pátápátá. Kò tilẹ̀ wo ibi ẹfun. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀: ó dá a lójú.

Eladio fojú wọn ilẹ̀ tó kù. Bó bá ń gbé ẹsẹ̀ báyìí lọ, kò ní tíì ka méjìdínlógún tán tó fi máa gorí ilà kọjá, ìṣísẹ̀ ìkẹyìn á sì balẹ̀ lẹ́yìn korobá. Òun á gba fèrè òun padà. Ẹnikẹ́ni ò ní bú Taita. Ṣe ni wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ lé e léjìká, wọ́n á ní ẹrẹ̀ ló fà á, wọ́n á sì ra àga fún un, wọ́n á gbé e sábẹ́ máńgòrò kó lè máa wo bí ẹlòmíràn ṣe ń fa ilà.

"Mẹ́rin," ló wí, ẹsẹ̀ náà sì kúrú díẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rọra ń gbé e, ó ń fà á nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ wúwo. Ó ń kà á sókè ketekete kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ohùn Taita ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n jọ pe méjìdínlógún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ Eladio wà nínú ẹfun gẹ́lẹ́.

"Ó pé!" ọkùnrin kan wí. "Taita kì í ṣì í!"

Wilfrido ṣí korobá. Ojú bọ́ọ̀lù wà nínú ẹrẹ̀ roboto, ojú orúnkún méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó mọ́ kedere ló wà láàárín rẹ̀ àti ilà. Ọmọ ọwọ́ gan-an á rí i.

"Sọ ọ́," Wilfrido wí.

"Ìta ni. Mo ṣìṣe."

Wọn ò lù ú. Ó ti ń retí kí wọ́n lù ú, ìyẹn ì bá tiẹ̀ rọrùn. Wọ́n kígbe, wọ́n gbé Taita lé èjìká, wọ́n sì ń jó yí ilà náà ká bíi pé ife ti padà wálé. Wilfrido na ọwọ́. Eladio bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní àwo ẹran àti ẹ̀gẹ́, nítorí àṣà ni àṣà ń jẹ́.

Ceferino sún mọ́ ọn. Wọ́n ti fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rí tirẹ̀ rò mọ́.

"Mo rí ẹsẹ̀ yín," ó wí. "Kí lẹ ṣe yẹn, ọ̀gá?"

"Máa lọ sílé."

"Wọ́n á pe èmi lólè. Wọ́n á pe ẹ̀yin ní afọ́jú."

"Mo ní kó o máa lọ sílé, Ceferino."

Ó lọ gbé àwo náà sórí ìjókòó alùpùpù rẹ̀. Kò lè jẹ ẹ́. Ó gbọ́ ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti sọ Taita Porfirio kalẹ̀, ó sì ti rìn wá lóun nìkan, ó ń mí gúlegúle. Ó dúró ti Eladio, èjìká sí èjìká, tàbí ká sọ pé èjìká tirẹ̀ kò kọjá ìgúnpá Eladio.

"O ga jù mí lọ," Taita wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Taita."

"O sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, bí ọmọ ọmọ. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe wá bá tèmi dọ́gba?"

"Ẹrẹ̀ ni. Ilẹ̀ ń yọ̀."

"Kò yọ̀ ní mẹ́ta àkọ́kọ́." Bàbá náà ń wo ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ṣì ń jó. "Mo bá ẹ kà á. Mẹ́ta gùn. Lẹ́yìn náà o gbójú sókè, o wò mí, ó wá kúrú. Kò sẹ́ni tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wọ̀n ọ́n pé."

Eladio fẹ́ di ọwọ́ bàbá náà mú, ojú ń tì í.

"Sọ fún Wilfrido pé kó ra téèpù," Taita wí. "Èmi ò lè fẹnu ara mi sọ ọ́. Bá mi sọ ọ́ fún un kó o tó lọ."

Ó yí padà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà ilé. Eladio wo Wilfrido níwájú iná, fèrè ti wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, ó ń fun ún fún ẹ̀rín. Kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ jẹ́rìí níwájú gbogbo ìlú pé ilà náà pé.